Ìwólulẹ̀ Diamond àti Ẹrù tó Já Lé Ọlọ́jà Kékeré Lórí

Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìwé ìtàn aláwòrán ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn ìwé pẹlẹbẹ oṣooṣù tó ń sọ ìtàn akọni bíi Spider-Man àti Batman, kì í sábà ra ọjà lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé gan-an. Alágbàtà ló wà láàárín, ẹni tó ń kó ọjà rẹpẹtẹ tó sì ń pín in fún ọlọ́jà wẹ́wẹ́. Láti ọdún 1982 tí Steve Geppi ti dá Diamond Comic Distributors sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland ni ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nígbà tó sì ra Capital City tó ń bá a díje ní 1996, tí Heroes World, alágbàtà tí òǹtẹ̀wé Marvel ní, náà kógbá sílé ní 1997, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ló kù lórí àtẹ. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2025, Diamond tọ ilé-ẹjọ́ lọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

Ohun tó mú kí èyí wúwo fún ọlọ́jà kékeré ni àdéhùn kan tí Phil Seuling, oníṣòwò ìwé wọ̀nyí, dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ń ta ìwé a máa dá èyí tí kò rí tà padà. Seuling ní kí àwọn òǹtẹ̀wé fún òun ní ẹ̀dínwó tó jọjú, òun kò sì ní dá ẹyọ kan padà. Ìlànà yìí ni òwò náà dúró lé lórí títí dòní: ọlọ́jà á ti sọ iye ẹ̀dà tó fẹ́ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú kó tó fojú kan ìwé náà, èyí tí kò bá sì tà, ọrùn rẹ̀ ló wà.

Tẹ́lẹ̀, Diamond ń bá ọlọ́jà gbé lára ẹrù yìí. Ó ń kó ìwé ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé pọ̀ sínú páálí kan, owó ọkọ̀ kan, ìwé-owó kan, ó sì ń ta láwìn fún ẹni tó bá mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹtẹ̀wé DC kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 2020, tí Marvel lọ bá Penguin Random House ní 2021, tí òǹtẹ̀wé Image sì lọ bá alágbàtà Lunar Distribution ní 2023, páálí kan di mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bí ọjà téèyàn rà lọ́wọ́ ẹnì kan bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀dínwó rẹ̀ sábà máa ń tó. Ní ọjọ́rú tí ìwé tuntun ń jáde, ọlọ́jà ní láti yẹ igun ìwé kọ̀ọ̀kan wò, nítorí pé igun tó tẹ̀ díẹ̀ ti tó kí ẹni tó ń kó ìwé pamọ́ kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa wádìí èwo nínú àwọn alágbàtà ló jẹ ẹ́ ní pààrọ̀.

Ìyà tó burú jù jẹ́ ti àwọn òǹtẹ̀wé kéékèèké. Ìwé tí wọ́n kó fún Diamond pé kó bá àwọn tà, tí wọn kò tíì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, há sínú ilé-ìkẹ́rùsí, Diamond sì bẹ ilé-ẹjọ́ láàárín ọdún 2025 pé kó jẹ́ kí òun tà á láti fi san gbèsè báǹkì, ohun tí àwọn òǹtẹ̀wé ní kò bá ẹ̀tọ́ mu, nítorí ọjà àwọn ni. Irú ìwé wọ̀nyí gan-an ló ń mú kí ṣọ́ọ̀bù kékeré yàtọ̀ sí ilé ìtàwé ńlá. Ní báyìí, bí oníbàárà bá béèrè ìdìpọ̀ kejì ìtàn tó ti ra ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀, tí alágbàtà mìíràn kò sì tíì gba òǹtẹ̀wé náà mọ́ra, ọlọ́jà ní láti kọ̀wé sí òǹtẹ̀wé fúnra rẹ̀, kó sì san owó ọkọ̀ odindi páálí nítorí ẹ̀dà méjì.