Ta Ni Ó Ni Àkọsílẹ̀ Ìjọba?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo lọ sílé ní ọlidé, mo ya ọ́fíìsì ìjọba kan láti bèèrè iye owó tí wọ́n ná sí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, kò tíì sun omi rí. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ kò bú mi; ó kàn ní, "Ta ló rán ọ wá?" Ìbéèrè yẹn ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí a ń pè ní àkọsílẹ̀ gbangba kò ṣòro. Kí ìjọba gbé ìṣirò owó àti iṣẹ́ rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì lò ó láìsan kọ́bọ̀. Kí ló dé tí ọ́fíìsì kan ń ṣe é, tí òmíràn kò ṣe é? Mo rí ìdí mẹ́rin.

Èkíní ni òfin. Láti ọdún 1962 ni Òfin Àṣírí Ìjọba ti wà ní Nàìjíríà, ó sì ti mọ́ òṣìṣẹ́ lára láti máa pa fáìlì mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Òmìnira Ìròyìn. Òfin yìí ní kí ọ́fíìsì dá abèèrè lóhùn láàrin ọjọ́ 7, àti pé abèèrè kò ní láti sọ ìdí tí ó fi bèèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan jiyàn pé kò kan àwọn, títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo wọn.

Èkejì ni ìbẹ̀rù. Òṣìṣẹ́ kékeré gbà pé ìwé tí òun bá fi han ará ìta lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ìwé tí òun bá pa mọ́ kò lè ṣe òun ní nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni ipò tí àkọsílẹ̀ wà. Fáìlì tí ikán ti jẹ kò ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà. Níbi tí kò sí iná, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ìfẹ́ inú nìkan kò tó.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀gá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣí ibi àkọsílẹ̀ gbangba tirẹ̀ ní ọdún 2013. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí Open Treasury Portal, wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba máa kéde owó tí wọ́n bá san láti mílíọ̀nù 5 náírà sókè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ọ̀gá kan ṣí, ọ̀gá mìíràn lè tì í.

Kí ni kò ní jẹ́ kí ó tì í? Àwa tí a ń bèèrè ni. Abèèrè kì í ṣìnà. Àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá kà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bí ó bá dàwátì.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà. Mo dá akọ̀wé lóhùn nínú rẹ̀ pé òfin ni ó rán mi wá. Ọjọ́ 7 kò ì tíì pé.