Ẹ Kà Á Dáadáa Kẹ́ ẹ Tó Fọwọ́ Sí I! Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Ya Lébẹ́ẹ̀lì ní Ṣómólú

Ẹni tó bá wọ Ṣómólú, nílùú Èkó, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti débẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké láti ilé kan dé èkejì, jẹnẹrétọ̀ ń dá a lóhùn lóde, àwọn ọmọkùnrin sì ń ru rímù bébà lérí sáré kọjá láàárín mọ́tò. Pósítà òkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, lébẹ́ẹ̀lì ọṣẹ, púpọ̀ nínú èyí tá à ń rí l'Ékòó ló jẹ́ pé ibẹ̀ tàbí Mushin ni wọ́n ti jáde.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ tó ń pariwo yẹn niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú yàrá kékeré kan ni, níbi téèyàn méjì tàbí mẹ́ta jókòó sí nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ń wá iṣẹ́ kiri, ẹnì kan ń yà á, ẹnì kan ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín onítàwé bébà, oníplèétì àti onímáṣíìnì. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní máṣíìnì ìtẹ̀wé kankan. Ojú àti ọpọlọ ni wọ́n ń tà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an loníbàárà kì í fẹ́ sanwó lé lórí. Wọ́n á ní, "Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ọmọ mi, kí lo wá ṣe níbẹ̀?" Ìyá tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ní gbà fẹ́ni tó bá ní ìkòkò ló se ọbẹ̀ rẹ̀ o.

Ká ní ìyá kan tó ń ṣe ọṣẹ dúdú fẹ́ lébẹ́ẹ̀lì 5,000. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò dá wàhálà sílẹ̀ ni fọ́tò. Ọmọ rẹ̀ ti fi fóònù ya ọṣẹ náà, ó sì ti fi WhatsApp ránṣẹ́. Lójú fóònù, ó ń dán. Àmọ́ WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré kó tó gbé e lọ, tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ohun téèyàn ń wò láti inú omi. Tí wọ́n bá fi fọ́tò yẹn kan náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi "document," kò ní fún un. Kò náni ní kọ́bọ̀ kún un.

Àwọ̀ náà ńkọ́? Iná ló ń tàn nínú fóònù, íńkì ló wà lórí bébà. Íńkì mẹ́rin péré ni máṣíìnì fi ń tẹ gbogbo àwòrán aláràbarà tẹ́ ẹ̀ ń rí: oríṣi búlúù kan, oríṣi pupa kan, yẹ́lò àti dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní plèétì tirẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń kọ mọ̀nà lójú fóònù, íńkì mẹ́rin yìí lè má rí i pò rárá. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á ti sọ fún oníbàárà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí tó ń bẹ̀rù kíṣẹ́ má bọ́, á dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni pùrúùfù dé, ìyẹn ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ jáde kí oníbàárà wò, kó sì fọwọ́ sí. Ibí gan-an lowó ti ń sọnù. Títí di àsìkò pùrúùfù, àṣìṣe kò ju kéèyàn pa á rẹ́ kó tún un kọ. Tí wọ́n bá ti ṣe plèétì, plèétì ti lọ. Tí máṣíìnì bá wá ti sáré, bébà, íńkì àti owó onímáṣíìnì ti wọgbó. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá wa ń wò? Fọ́tò rẹ̀ ni. Ó rí i pé gèlè òun dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti dáa, ó fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ti fi 8 rọ́pò 3. Lébẹ́ẹ̀lì 5,000 ń pe ẹlòmíì.

Ta ni yóò san án? Ẹni tó fọwọ́ sí i ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìfọwọ́sí yìí ṣe bojúbojú. Wọn á fi pùrúùfù ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá òru, lẹ́tà á kéré bí ẹyin èèrà, wọn á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè fèsì, máṣíìnì ti ń dúró." Èyí kò dáa. Máṣíìnì tó ń dúró, kó máa dúró. Kí ìyá gbà á lórí bébà, kó ka nọ́ńbà jáde sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tún fún ẹlòmíì kà.

Lẹ́tà Yorùbá pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà ló ní àmì orí àti ti ìsàlẹ̀. Òmíì á sọ "ẹ" di àpótí òfìfo, òmíì á fi àmì sílẹ̀ pátápátá, tí ìlú Ọ̀wọ̀ á di owó.

Ó tún wá ku èyí tó lè múni dé àtìmọ́lé. Àwọn oníbàárà kan máa ń ní, "Ẹ ṣáà fi nọ́ńbà NAFDAC kan síbẹ̀ ná, màá gba tèmi tó bá yá." Ayédèrú ni, kò lórúkọ míì, àtẹni tó ní kí wọ́n fi síbẹ̀ àtẹni tó fi í síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Bákan náà ni ti ìpolówó pé ọṣẹ tàbí àgbo kan ń wo gbogbo àìsàn. Àjọ ARCON, tí òfin 2022 fi rọ́pò APCON, ló ń yẹ ìpolówó wò kó tó jáde síta.

Owó bébà ńkọ́? Láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Òkù Ìbokù àti Ìwópin, ṣùgbọ́n wọn ò gbé wa dé ibi tá a ń lọ. Látìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ ní June 2023, iye tí wọ́n bá pè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè má dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gba ju ìdajì owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe olè ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò mọ̀. Ẹni tó bá sanwó kí wọ́n ya àmì ọjà fóun gbà pé òun ló ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ti 2022 kò sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó yà á ló ni ín, àyàfi tí àdéhùn inú ìwé bá sọ nǹkan míì. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbé e fún oníbàárà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kó gba fáìlì méjèèjì pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi CorelDRAW yà àti PDF rẹ̀, kó tó san owó tó kù. Ẹni tó bá padà wá béèrè lẹ́yìn ọdún méjì lè bá yàrá náà ní títì, kí kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, kí ọmọ tó ya iṣẹ́ náà sì ti wà ní Kánádà.