Kí nìdí tó fi yẹ kí ẹ rí àwòrán tó ní ìwọ̀n kí káfíńtà tó gé pákó kábínẹ́ẹ̀tì yín?

Ẹni tó máa gé pákó kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná yín ní Johannesburg lè má fi ojú kan ilé ìdáná náà rárá.

Ní ìlú yìí, tó jẹ́ olú ìlú ẹkùn Gauteng lórílẹ̀-èdè South Africa, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà pákó ló máa ń bá káfíńtà gé pákó, tí wọ́n sì máa ń bá a lẹ etí rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni láti wọn yàrá, kó yà á sórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi ìwé ìwọ̀n pákó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn.

Ètò yìí jẹ́ kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ńlá lè gba iṣẹ́ ilé ìdáná ṣe, yálà ọmọ onílùú ni tàbí àjòjì.

Ṣùgbọ́n bí nọ́mbà kan bá ṣì lórí àwòrán, bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ á ṣe gé e. Pákó tí wọ́n bá sì ti gé kúrú, kò sẹ́ni tó lè fà á gùn mọ́.

Àwòrán tó rẹwà yàtọ̀ sí àwòrán iṣẹ́

Ohun tí oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ rí ni àwòrán aláràbarà tí kọ̀ǹpútà yà, tó dà bíi fọ́tò ilé ìdáná tí wọ́n ti parí. Ó dára fún yíyan àwọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ṣe jìnnà sí igun ilé tó.

Àwòrán iṣẹ́ ló máa sọ ìyẹn. Ó kéré tán, ó yẹ kó pé oríṣi mẹ́ta:

• Àwòrán yàrá bí ẹni ń wò ó láti òkè.
• Àwòrán ògiri kọ̀ọ̀kan bí ẹni dúró níwájú rẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti páìpù omi.
• Àwòrán kábínẹ́ẹ̀tì bí ẹni fi ọ̀bẹ là á láàárín bíi búrẹ́dì, kí gíga àti ìjìnlẹ̀ rẹ̀ lè hàn.

Téèpù ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà kì í wọn ògiri. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa gbà gbọ́.

Johannesburg bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1886 nígbà tí wọ́n rí góòlù níbẹ̀, nítorí náà ilé àtijọ́ àti ilé tuntun jọ wà níbẹ̀ ni. Ògiri tó tọ́ lójú lè má tọ́ tí téèpù bá dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ wọn ògiri kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: nísàlẹ̀, láàárín àti lókè.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ògiri tó wà láàárín ògiri méjì jẹ́ mílímítà 3,012 nísàlẹ̀, 3,006 láàárín, àti 2,998 lókè. Èyí tó kéré jù, 2,998, ni ẹ máa fi ṣiṣẹ́.

Kábínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó jẹ́ mílímítà 600 ní ìbú, pẹ̀lú ẹyọ kan tó jẹ́ 550, jẹ́ 2,950. Ó ku 48. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, 24 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ló máa dí àlàfo náà. Ẹ rántí mílímítà 48 yẹn, nítorí òun ni gbogbo ààyè tí àṣìṣe ní.

Ẹ tún wò ó bóyá igun ilé dúró dáadáa. Láti igun náà, ẹ sàmì sí 900 lára ògiri kan àti 1,200 lára èkejì. Bí igun bá tọ́, 1,500 gẹ́lẹ́ ló máa wà láàárín àmì méjèèjì.

Ínṣì tàbí mílímítà?

Láti àwọn ọdún 1970 ni iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní South Africa ti ń lo mílímítà. Ní Nàìjíríà, ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì ṣì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn onípákó.

Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ nílé lè máa pe kábínẹ́ẹ̀tì 600 ní "ínṣì 24". Ṣùgbọ́n mílímítà 609.6 ni ínṣì 24. Lórí kábínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 38.4. Nínú 48 wa, ó ku 9.6 péré.

Ìnípọn pákó náà ń kó bá èèyàn

Pákó aláwọ̀ tó wọ́pọ̀ jù fún kábínẹ́ẹ̀tì ní South Africa jẹ́ mílímítà 2,750 sí 1,830, ìnípọn rẹ̀ sì jẹ́ 16. Ní Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ 2,440 sí 1,220, tó nípọn tó 18, ló wọ́pọ̀.

Bí pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ́ 16, pákó ìsàlẹ̀ kábínẹ́ẹ̀tì 600 gbọ́dọ̀ jẹ́ 568. Bó bá jẹ́ 18, á di 564.

Ká ní wọ́n fi 16 sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n pákó 18 ni wọ́n gé. Kábínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan á fi 4 tóbi jù, márààrún á sì fi 20 tóbi jù. Bí àṣìṣe yìí bá pàdé ti ínṣì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 58.4. Kábínẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé mọ́ nìyẹn.

Irinṣẹ́ wo ni wọ́n ń lò?

SketchUp, tó jáde lọ́dún 2000, tó sì ti wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Trimble láti ọdún 2012, wà lára èyí tí àwọn káfíńtà mọ̀. LayOut tó máa ń bá a rìn ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n sórí àwòrán. OpenCutList, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń yọ ìwé ìwọ̀n pákó jáde láti inú rẹ̀.

Àwọn mìíràn bíi Cabinet Vision wà fún iṣẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì ní pàtó.

Èyí tó wù kí ẹ lò, ìlànà kan náà ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ìnípọn pákó sí i. Ẹ ya yàrá àti ohun tó wà lára ògiri kí ẹ tó gbé kábínẹ́ẹ̀tì kankan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ro àwọn ìwọ̀n kékeré pọ̀: bí wọn kò bá bá ìwọ̀n gbogbo ògiri dọ́gba, nǹkan kan ti ṣì.

Kí ni òfin sọ?

Òfin ààbò oníbàárà South Africa, Òfin 68 ti ọdún 2008, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó dáńgájíá. Abala 54 sọ pé bí iṣẹ́ kò bá rí bó ṣe yẹ, ó lè ní kí oníṣẹ́ tún un ṣe tàbí kó dá lára owó rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tí èèyàn ti bẹ̀ níṣẹ́, tó wà ní abala 17, kò kan ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún oníbàárà. Kábínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé sí ìwọ̀n ilé yín sì jẹ́ ọ̀kan lára irú rẹ̀.

Bí ìjà bá dé, àwòrán tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ló máa sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

• Ẹ wò ó bóyá mílímítà ni wọ́n kọ síbẹ̀, àti bóyá ìnípọn pákó wà níbẹ̀.
• Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí àwòrán. Bí wọ́n bá ti yí nǹkan padà, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ti tẹ́lẹ̀.
• Ẹ má fi rúlà wọn bébà, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè fún àwòrán kéré. Nọ́mbà tí wọ́n kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.
• Ẹ mú àwòrán náà wọ ilé ìdáná, kí ẹ sì fi téèpù wọn ibi mẹ́ta péré. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.