Ọmọ Ajá Láàrín Agbo Màlúù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ajá ọdẹ. Ẹ sì mọ ajá tí ń ṣọ́ ilé. Ẹ ti rí àwọn Fúlàní pẹ̀lú, bí wọ́n ti ń fi ọ̀pá àti ohùn da màlúù wọn kọjá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí pápá gbòòrò tí ènìyàn kò sì pọ̀, ajá ni ọ̀pá fún ọ̀pọ̀ darandaran. Bí a ti ń kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ń tọ́ ohun kékeré dàgbà.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, Thomas Hall, ọlọ́sìn màlúù ní New South Wales, mú àwọn ajá darandaran tí a kó wá láti Northumberland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú kí wọ́n bá ajá ìgbẹ́ Ọsirélíà, tí à ń pè ní dingo, bímọ. Àárẹ̀ kì í tètè mú àwọn ọmọ náà. Ẹ̀yìn màlúù ni wọ́n ń tọ̀. Wọn a fi eyín kan gìgísẹ̀ èyí tí ó bá ń lọ́ra, wọn a sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú kan náà, kí ẹsẹ̀ tí ó jù sẹ́yìn lè kọjá lórí wọn.

Ìfẹ́ láti lé ẹran wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ajá. Ìgbọràn ni a ní láti kọ́ ọ. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ màlúù rárá, kí ó ti mọ ohun mẹ́ta: kí ó wá bí a bá pè é, kí ó dúró, kí ó sì dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó so okùn gígùn mọ́ ọn lọ́rùn, a ó mú un wọ inú ọgbà kékeré tọ àwọn ọmọ màlúù jẹ́jẹ́ tí ojú wọn ti mọ ajá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kí a dá a dúró nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń wù ú. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé bí òun bá sún mọ́ ẹran jù, ẹran a ṣí. Bí òun bá fà sẹ́yìn, ẹran a rọ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn èjìká màlúù, màlúù a lọ síwájú. Bí ó bá wà níwájú èjìká náà, màlúù a yí padà.

Ìwàǹwára ni ewu ńlá. Ìpá kan ṣoṣo lè ṣẹ́ àgbọ̀n ọmọ ajá. Eegun lè jinná, kí ìgboyà má sì padà mọ́. Abo màlúù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í sá fún ajá; ńṣe ni yóò kọjú ìjà sí i. Nítorí náà, ọlọgbọ́n darandaran a dúró títí ọmọ ajá yóò fi tó bí ọmọ ọdún kan, tí eegun rẹ̀ yóò ti gbó, kí ó tó fi iṣẹ́ líle lé e lọ́wọ́. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, kì í dúró lókèèrè kí ó máa jágbe mọ́ ọn. A tọ̀ ọ́ lọ, wọn a jọ lé màlúù náà títí yóò fi ṣí, kí ajá lè fi ìṣẹ́gun parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn baba wa a máa wí pé, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ajá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ọdẹ bóyá ó fi sùúrù kọ́ ọ ní ohùn fèrè náà.