Ní Arena México, Orúkọ Ni Wọ́n Fi Ń Ta Tẹ́tẹ́

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Balderas, láàárín Ìlú Mẹ́síkò, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò nílò afinimọ̀nà kó tó dé Arena México. Kó ṣáà tẹ̀lé àwọn ọmọdé tó ti de ìbòjú. Wọ́n á mú un gba àdúgbò Doctores, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ àwọn oníṣègùn pe òpópónà, títí dé iwájú ilé ràgàjì kan tí àwọn ará ìlú sọ ní kàtídírà lucha libre. Ìjàkadì àwọn ará Mẹ́síkò nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà á kì í sì í bọ́ síta láìbo ojú.

Kí n tó wọlé, mo yà síbi àtẹ ìbòjú. Wọ́n tò wọ́n sókè sódò lára ògiri: pupa, dúdú, aláwọ̀ wúrà, òmíràn ní ìwo, òmíràn ní eyín. Ìyá tó ń tajà kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí ti àwọ̀. Orúkọ ló ń pè. Ó nawọ́ sí aláwọ̀ fàdákà, ó ní El Santo. Ó nawọ́ sí aláwọ̀ búlúù, ó ní Blue Demon. El Santo ti kú láti 1984, Blue Demon kú ní 2000, tìbòjú-tìbòjú ni wọ́n sì sin àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ra aláwọ̀ fàdákà fún ọmọ rẹ̀ kékeré, ó sì fara balẹ̀ sọ ìtàn ẹni tó ni ojú náà fún un kó tó sanwó.

Nínú ilé, iná ń ṣẹ́jú, orin ń dún kíkankíkan, àwọn ọlọ́tí ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè lọ sódò. Ní 1933 ni Salvador Lutteroth dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò àwọn ìjà wọ̀nyí sílẹ̀. Ní 1956 ni wọ́n ṣí ilé tí mo jókòó sí yìí, ó sì ń gba èèyàn tó lé ní 16,000. Ọ̀nà méjì ni àwọn ajìjàkadì pín sí: técnico ni ẹni tó ń pa òfin mọ́, rudo ni ẹni tó ń rú u. Bí rudo àkọ́kọ́ ṣe yọ, ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú mi dìde, ó na ìka sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u tìyátìyá. Rudo náà dúró, ó yíjú sí i, ó dá a lóhùn. Gbogbo ìlà ìjókòó wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyá àgbà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé wọ́n ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà náà mọ̀. Kò dín ìbínú rẹ̀ kù.

Mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n ń jà. Ìpele mẹ́ta ni ìjà ní, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú méjì ló borí. Ní ìpele kẹta, rudo kan yọ́ sẹ́yìn alátakò rẹ̀ nígbà tí ojú rẹfirí wà níbòmíràn, ó tú okùn ìbòjú rẹ̀, ó sì fà á yọ. Ẹ fọkàn bá mi wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí wọ́n ṣí lójú yìí kò gbìyànjú láti gbẹ̀san, kò tilẹ̀ wo ibi tí ọ̀tá wà. Ó dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, kò sì gbéra títí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ju aṣọ ìnura lé e lórí. Àwọn tó wà nítòsí pèpéle ìjà lè na ọrùn wò ó bó bá wù wọ́n. Mo rí obìnrin kan níbẹ̀ tó rọra yí orí ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n kéde pé rudo ti pàdánù, nítorí èèwọ̀ ni kí èèyàn já ìbòjú gbà báyẹn.

Ọmọ Yorùbá á tètè mọ ohun tó ń lọ. Àwa náà mọ̀ pé èèyàn ń bẹ lábẹ́ ẹ̀kú. A tilẹ̀ lè dá ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó mọ̀, ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ rẹ̀ lójú agbo. Ará ọ̀run là ń kí. Àdéhùn ni, gbogbo agbo ló ń pa á mọ́. Àwọn ará Mẹ́síkò náà ní irú àdéhùn yìí, ṣùgbọ́n tiwọn ní ilẹ̀kùn kan tí tiwa kò ní: ajìjàkadì lè fi ìbòjú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ẹni méjì á gbà pé ẹni tó bá pàdánù nínú àwọn á ṣí ojú. Ẹni tí kò ní ìbòjú á fi irun orí rẹ̀ dúró, wọ́n á sì fá a níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹni tó fi ìbòjú dúró tó sì pàdánù á dárúkọ àbísọ rẹ̀, á sọ ìlú tó ti wá àti iye ọdún tó ti ń jà. Nínú ilé yìí, ní oṣù kẹta ọdún 2000, Atlantis borí Villano III. Ọmọ gbajúmọ̀ ajìjàkadì Ray Mendoza ni Villano III, Villano náà ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń jà ń jẹ́. Nǹkan bí 30 ọdún ló ti fi ìbòjú yẹn jẹun. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó di Arturo Díaz Mendoza lójú gbogbo ayé. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa pàdánù kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó ṣí, ojú rẹ̀ gan-an ni, orúkọ tó sì dá, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni.

El Santo kò pàdánù tirẹ̀ rí. Láti 1942 ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, ìbòjú náà ló sì fi ṣe fíìmù tó lé ní 50. Ní oṣù kìíní ọdún 1984, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan, ó ká ìbòjú náà sókè díẹ̀, àwọn èèyàn sì rí apá kan ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú.

Àwọn mìíràn gbé ìbòjú kọjá orí pèpéle. Fádà ìjọ Àgùdà ni Sergio Gutiérrez Benítez. Ó jà pẹ̀lú orúkọ Fray Tormenta kó lè rí owó bọ́ àwọn ọmọ òrukàn tó kó jọ. Ìjà náà jẹ́ eré, oúnjẹ àwọn ọmọ kì í ṣe eré. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1985 tó sì wó ilé ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú náà, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ pupa àti yẹ́lò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní 1987 níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ lé ayálégbé jáde. Superbarrio ló pe ara rẹ̀. Tòun ti ìbòjú ló ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tálákà.

Ní Arena México, ìjà tó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ ló mú mi dìde. Técnico kan gba àárín okùn fò síta, alátakò rẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó sì fi èjìká gba irin ìdènà. Kò dìde. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń súfèé, lẹ́yìn náà ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Rudo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, bóyá ó fẹ́ lù ú, bóyá ó ń bi í léèrè. Dókítà sáré dé. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé ìkúùkù sókè, ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo wà, ojú mi kò sì lè ya ìrora kúrò lára eré.

Àìlèyà á yìí lè pa èèyàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2015, ní Tijuana, ajìjàkadì Rey Mysterio ta alátakò rẹ̀, Perro Aguayo ọmọ, nípàá nínú ìjà tí wọ́n ti ṣètò. Aguayo ṣubú sórí okùn, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Bó ṣe wà lórí okùn yẹn náà ni ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni tó fara pa máa ń wà nínú eré wọn, ìjà náà sì ń bá a lọ fún ìgbà díẹ̀. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kéde ikú rẹ̀. Ọmọ ọdún 35 ni.

Ní ilé wa, bí ọmọdé bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń wo ìjàkadì, àgbà á ní, "Irọ́ ni wọ́n ń pa." Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń lu ilẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn èèyàn ni. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má dán an wò lára àbúrò rẹ̀. Ìjọba Ìlú Mẹ́síkò ti ka lucha libre mọ́ ogún àṣà ìlú náà láti 2018, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣètò sílẹ̀ ni ẹni tó máa borí. Iye tó máa ná an, ara àti orúkọ rẹ̀ ló fi ń san án.