Àdúrà Ìdákẹ́jẹ́: Ọjọ́ Mẹ́ta Níwájú Ọlọ́run

Bí a bá dárúkọ àdúrà ní ìlú Ẹdẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni igbe, àtẹ́wọ́, ìṣọ́ òru, àti orin tí ń dún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí kò yani lẹ́nu. Ní ìlú yìí ni Wòlíì Samson Oladeji Akande ti ìjọ C.A.C., ẹni tí a mọ̀ sí Bàbá Abíyè, gbé ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó kú ní 1992, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe orí òkè àdúrà tí ó wà níbẹ̀. Èmi kò wá láti bẹnu àtẹ́ lu àdúrà olóhùn gíga. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ìkejì rẹ̀, èyí tí a ti ń gbàgbé: àdúrà ìdákẹ́jẹ́, àti àṣà yíya ara ẹni sọ́tọ̀ fún un láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹnìkan lè bi mí pé: Ọmọ tí kò sunkún, ta ni yóò mọ̀ pé ebi ń pa á? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí Hánà dáhùn rẹ̀. Obìnrin yìí ń wá ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ tí ń gun òkè lónìí. Ó lọ sí ilé Olúwa ní Ṣílò, ó sì gbàdúrà. Ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. Ohùn rẹ̀ kò jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà Élì fi rò pé ọtí ni ó ń pa á. Ẹ kíyè sí i: àdúrà tí àwọn tí ń wá ọmọ fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, àdúrà tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, ẹni tí ó sì ṣì í mọ̀, àlùfáà ni. Kí àwa náà má ṣe dá irú ẹjọ́ tí Élì dá.

Ẹ tún wo ìtàn ẹni tí ó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ní October 1928, Joseph Ayo Babalola ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà, ní ọ̀nà Ìlẹ́ṣà sí Àkúrẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́, ẹ̀rọ náà ṣàdédé dákẹ́, kò sì rí ohun tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀. Nígbà náà ni ó gbọ́ ohùn tí ń pè é. Òun ni Ọlọ́run lò nínú ìsọjí ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlẹ́ṣà ní 1930. Ní Ẹdẹ níbí ni ó sì kú ní July 1959, a sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. A máa ń ròyìn ariwo ìsọjí náà fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ dákẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ará Ẹdẹ. Tìmì John Adetoyese Laoye, tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù, ó sì máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlù fún àwọn àlejò. Ìlù dùndún ń sọ̀rọ̀ nípa ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èdè wa. Ẹni tí ń pariwo nígbà tí ìlù ń sọ̀rọ̀ lè jó dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohun tí onílù fi ìlù wí fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó ń gbàdúrà ní ojoojúmọ́ tí kì í dákẹ́.

Àdúrà yìí kì í ṣe ohun titun. Olúwa wa tìkára rẹ̀ pe àwọn àpọ́sítélì lọ sí ibi tí ó dá, nígbà tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ráyè jẹun. Ní ilẹ̀ Afíríkà wa yìí, ní Íjíbítì, ni Antony fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì lọ gbé inú aginjù. Ó kú ní 356, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, láàrín ọdún 1101 sí 1200, mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Guigo kọ̀wé pé àkàbà onípele mẹ́rin ni a fi ń gòkè: kíkà Ọ̀rọ̀, ṣíṣe àṣàrò lé e, gbígba àdúrà, àti dídúró jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn mọ́ńkì ìlú Spencer ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi irú àdúrà yìí kọ́ àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe mọ́ńkì. Ní ilẹ̀ wa, ilé àwọn mọ́ńkì tí a dá sílẹ̀ ní Èwù, ní Ìpínlẹ̀ Edo, ní 1979, ń gba àlejò tí ó fẹ́ wá sinmi níwájú Ọlọ́run.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn tí ó péjọ yóò fi tẹlifóònù wọn lé olórí lọ́wọ́, wọn yóò jẹun níwọ̀nba, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó yan ẹsẹ díẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́. A ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn èyí, kí olúkúlùkù jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20. Èrò yóò wá: owó ilé ẹ̀kọ́, ọjà tí a kò tíì tà, aṣọ tí a gbé fún aránṣọ. Má ṣe bá wọn jà. Àlejò tí ó gba iwájú ilé kọjá ni wọ́n. A kì í dìde fún gbogbo wọn. Pe Olúwa lẹ́ẹ̀kan ní ọkàn rẹ, kí o sì padà. A ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a ó jọ́sìn pọ̀, a ó sì túká.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: kì í ṣe àìní àkókò nìkan ni kì í jẹ́ kí a dákẹ́. Ẹ̀rù ni. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọkùnrin kan tí òun àti àbúrò rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ilẹ̀ baba wọn. Ní gbogbo òru ni ó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dé ilé kẹta. Ó wá jókòó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí orin, kò sí igbe. Ní ìdákẹ́jẹ́ náà, ojú àbúrò rẹ̀ ni ó rí. Ó lé e, kò lọ. Nígbà náà ni ó yé e pé ẹni tí òun ti ń fi àdúrà lé kiri láti ọdún yìí wá, ọmọ ìyá òun ni. Àti pé ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ kí òun ṣe, òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, òun ni òun ń fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí èyí, a kì í fi ìran tàbí àlá díwọ̀n àdúrà ìdákẹ́jẹ́. Ọjọ́ Ajé ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó gbàdúrà. Bí kò bá lọ, ó kàn sinmi ni.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kù. Kì í ṣe pé a ń sọ ọkàn wa di òfìfo. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni a fi ń kún un. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rò pé òun gbọ́, kí ó fi Ìwé Mímọ́ àti ìmọ̀ràn àgbà wádìí rẹ̀. Kí aláìsàn má ṣe pa oògùn rẹ̀ tì, kí aboyún má ṣe fi ebi pa ara rẹ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ wíwúwo ti mú ọkàn rẹ̀, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa gun òkè yín lọ, ẹ sì máa ké pe Olúwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti sọ tiyín tán, ẹ má ṣe tètè sọ̀kalẹ̀. Ẹ jókòó díẹ̀ sí i, kí Òun náà lè sọ tirẹ̀.