Àwọn Kòkòrò Inú Iyọ̀ àti Irin tí Kì í Dógùn-ún

Láti ọdún 1913, nígbà tí Harry Brearley ti ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ́ kírómíọ̀mù pọ̀ mọ́ irin, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé a ti rí irin tí kì í dógùn-ún. Ṣùgbọ́n oyè náà ga ju ìwà irin náà lọ, pàápàá jù lọ nínú omi òkun.

Kì í ṣe líle ni ó ń dáàbò bo irin yìí. Bí kírómíọ̀mù inú rẹ̀ bá ti tó ìdá 10.5 nínú 100, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a pàdé rẹ̀, awọ kan a sì bò ó lójú, awọ tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Bí nǹkan bá ha awọ náà, òun tìkára rẹ̀ a tún dí. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Lítà omi òkun kan a máa ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, kiloráìdì inú iyọ̀ náà a sì máa dá awọ yìí lu ní ihò wẹ́wẹ́.

Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó fẹ́ràn iyọ̀ ti ń rí àyè. Wọn kì í jẹ irin bí ikán ti í jẹ igi. Wọn a lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a tu oje tí ń yọ̀ bí ilá, wọn a sì fi í ṣe ilé. Lábẹ́ ilé yìí ni wọ́n ti ń fa ọ́síjìn tán, tí awọ irin kò fi ní ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Níbi tí ọ́síjìn bá sì ti tán, àwọn mìíràn, irú Desulfovibrio, a sọ sọ́féètì inú omi di afẹ́fẹ́ tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́, èyí tí í tún ba irin jẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Aláǹgbá ti ibí yìí a sì tún máa fẹ ẹnu ògiri sí i. Ihò náà a kéré lójú, a jìn nínú. Nítorí náà ni páìpù fi lè máa dán lóde, kí ó sì jò lójijì.

Nínú àwọn kòkòrò olómi iyọ̀, Halomonas titanicae ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Lára ìpáàrà ọkọ̀ Titanic, tí ó rì ní 1912, ni wọ́n ti mú un ní 1991. Ní 2010 ni ó gba orúkọ. Ṣùgbọ́n irin tí kò ní awọ kírómíọ̀mù ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà, kò sì tọ́ kí a fi ìparun rẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún gbogbo irin.

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ a máa fi mọlibidẹ́nọ̀mù kún irin tí wọn yóò lò nínú òkun, kí awọ rẹ̀ lè yi sí iyọ̀. Bí wọ́n bá sì fi omi òkun dán páìpù tuntun wò, wọn kì í jẹ́ kí ó dúró pẹ́ nínú rẹ̀: wọn a dà á nù, wọn a fi omi tí kò níyọ̀ ṣan páìpù náà, wọn a sì jẹ́ kí ó gbẹ.